Ìdánwò ọ̀kẹ́sítírà 4, mi ò kọjá ìpele kìíní rí: ṣé kí n gbé ṣẹ́lò sílẹ̀ ni?

OkùnMẹ́rin (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, àmọ́ lónìí ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Ọmọ ọdún 27 ni mí. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ṣẹ́lò, ohun èlò olókùn mẹ́rin tó dà bíi fayolín ńlá. Mo kàwé gboyè nínú rẹ̀, òun náà ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà náà: mo ń kọ́ àwọn ọmọdé 11, èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn sì máa ń ta orin níbi ìgbéyàwó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àga kan nínú ọ̀kẹ́sítírà, tí owó oṣù á máa wọlé, tí n óò sì máa ta orin Brahms àti Mahler lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún 3 mo ti ṣe ìdánwò 4. Ìpele kìíní ni wọ́n ti dá mi dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á ta aṣọ sáàárín èmi àti àwọn onídàájọ́, n óò ta apá àkọ́kọ́ kọnsẹ́tò Haydn ní D (orin tí ṣẹ́lò kan ń ta níwájú ọ̀kẹ́sítírà), n óò ta Bach díẹ̀, n óò ta àyọkà kan tàbí méjì látinú orin ọ̀kẹ́sítírà, ohùn kan á sì ti ẹ̀yìn aṣọ wá: "Ẹ ṣeun." Ó parí nìyẹn. Ìṣẹ́jú 8, lẹ́yìn oṣù 6 tí mo fi múra.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni ọwọ́ òsì mi. Láti oṣù 2 sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ ń ro mí, ó ń gun apá lọ dé ìgúnpá. Wákàtí 6 ni mo ń fi dánra wò lójúmọ́. Ìyá mi kò bínú o, ṣùgbọ́n lálẹ́ àná wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Níbo ni èyí ń lọ gan-an, ọmọ mi?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé e sílẹ̀ ni? Àbí wákàtí tí mo ń lò ni kò tó?

Akíkanjú_88 (Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́)

Má gbé e sílẹ̀ o! Wákàtí 6 kò tó ni, sọ ọ́ di 8. Ta ni ọwọ́ kì í ro nínú wa? Casals, ọ̀gá ṣẹ́lò ayé àtijọ́, ti ń ta ṣẹ́lò láti ọmọ ọdún 4, ó sì lé ní 90 kó tó fi í sílẹ̀. Jacqueline du Pré náà, ọwọ́ ló ń ro ó títí ó fi pa á tì, síbẹ̀ ẹ wo orúkọ tó ní. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọwọ́Òsì (Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́)

Akíkanjú, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti wá, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ ń ro mọ́. Èmi gbọ́ irú ìmọ̀ràn yẹn nígbà kan, ọdún 2 gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi.

Kí n kọ́kọ́ tún ìtàn ṣe, torí ìtàn tí kò tọ́ ló ń bí ìmọ̀ràn tí kò tọ́. Casals kò bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́lò ní ọmọ ọdún 4. Bàbá rẹ̀ tó ń tẹ ohun èlò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ ní dùùrù àti fayolín ní kékeré, ṣùgbọ́n ó tó bí ọmọ ọdún 11 kó tó mú ṣẹ́lò. Ní ọdún 1901, nígbà tó ń gun òkè Tamalpais nítòsí San Francisco, òkúta já lé ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Ṣé ó ta á lọ bẹ́ẹ̀? Rárá. Ó dúró, ó jẹ́ kí ọwọ́ san. Ìdí nìyẹn tó fi ní ọwọ́ tí ó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ti du Pré tún yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe iṣan ọwọ́ tó ro ló pa iṣẹ́ rẹ̀. Àìsàn tó ń ba iṣan ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú tipiri, kò mọ okùn mọ́ lábẹ́ ìka, kò mọ bí ọrun, ọ̀pá tí a fi ń ta okùn, ti wúwo tó lọ́wọ́. Ọdún 1973 ni wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é, ọmọ ọdún 28 ni. Ó kú ní 1987, ọmọ ọdún 42. Kọnsẹ́tò Elgar tí gbogbo wa ń gbọ́ yẹn, ọmọ 20 ni nígbà tó gbà á sílẹ̀ ní 1965. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn kọ́ ọmọ ènìyàn pé kí ó fara da ìrora.

Ó kan ìwọ wàyí, OkùnMẹ́rin. Bí ìrora bá ti gun ọwọ́ dé ìgúnpá fún oṣù 2, kì í ṣe àárẹ̀ mọ́. Tọ oníṣègùn lọ, lẹ́yìn náà wá onífisió (ẹni tó ń fi ìdárayá wo iṣan) tó mọ ara àwọn olórin. Gbé ṣẹ́lò rẹ dání lọ, jẹ́ kí ó wò ọ́ bí o ti ń ta á. Nígbà tí èmi lọ, kò tó ìṣẹ́jú 5 tó fi rí ohun tí olùkọ́ mẹ́ta kò rí: àtàǹpàkò mi ń fún ọrùn ṣẹ́lò pọ̀ mọ́ ìka bí ẹni ń pa èkúté. Ìka kì í nílò ìfúnpá yẹn. Ìwúwo apá fúnra rẹ̀, tó ń ti èjìká bọ̀, ló yẹ kó tẹ okùn. Dán an wò: yọ àtàǹpàkò kúrò pátápátá, ta ohùn 4 tó gùn láìfi kan ibì kankan. Bí o kò bá lè ṣe é, àtàǹpàkò rẹ ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wo àga rẹ náà. Ṣé eékún rẹ ga ju ìbàdí lọ? Irin ìsàlẹ̀ tí ṣẹ́lò fi ń dúró nílẹ̀ ńkọ́, báwo ni o ṣe fà á jáde tó? Èmi kúrú, síbẹ̀ mo ń fà á bíi ti olùkọ́ mi tó ga; èjìká òsì mi kì í sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti wákàtí: ìṣẹ́jú 25, kí o gbé e kalẹ̀, kí o dìde, kí o rìn. Wákàtí 3 lójúmọ́ ni mo ń lò báyìí, iṣẹ́ tí mo ń rí ṣe nínú rẹ̀ ju ti wákàtí 7 àtijọ́ lọ.

Akíkanjú_88 (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti sọ ọ́, mi ò mọ̀. OkùnMẹ́rin, má tẹ̀lé tèmi, lọ rí oníṣègùn.

Àga_Kejì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Ọdún 22 ni mo ti wà nínú ọ̀kẹ́sítírà kan, mo sì ti jókòó sí ìhà kejì aṣọ yẹn ju ìgbà 15 lọ. Àwọn tó ń wá ìdánwò kì í sábà mọ ohun tí à ń gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

A kò mọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ kí a má baà gbọ́ irú bàtà tó wọlé, nọ́ńbà lásán sì ni ọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdún 1970 ni aṣọ yìí gbilẹ̀, nítorí ojúsàájú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ojú rẹ tó ń bá orin lọ, ara rẹ tó ń mì, kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn nìkan.

Nínú ohùn yẹn, ohun tí à ń kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ẹwà. Àkókò ni. Ṣé ìlù inú rẹ dúró ṣinṣin? Lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ohùn gún? Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé o lè ta ohùn kékeré tí kò kú? Ẹni 60 lè wá lọ́jọ́ kan, 45 nínú wọn á lọ nítorí àkókò nìkan.

Ẹ gbé apá kejì Sínfóní Karùn-ún Beethoven yẹ̀ wò. Àwa àti àwọn onífíọ́là (fíọ́là tóbi ju fayolín lọ díẹ̀) ni a jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò le fún ìka rárá. Nóòtì kúkúrú tó ń tẹ̀lé èyí tó ní àmì tó ń mú un gùn lára ni pàkúté: púpọ̀ ń fà á gùn bíi pé a pín ìlù sí mẹ́ta. Láàárín ìlà méjì a ti mọ̀. Tàbí apá kejì Sínfóní Kejì Brahms, níbi tí ṣẹ́lò ti gbé orin náà látòkè bọ̀ wálẹ̀. Bí ṣẹ́lò ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn onífèrè bàsúùnù ń gòkè lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ bàsúùnù yẹn lórí á máa sáré, torí ó rò pé òun nìkan wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ, a mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn aṣọ! N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo wa á kàn gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Nítorí náà, má fi ìwé ṣẹ́lò nìkan kọ́ àyọkà. Wá ìwé gbogbo ọ̀kẹ́sítírà, mọ ẹni tó ń ta nǹkan lábẹ́ rẹ, mọ ẹni tó ń dáhùn.

Lórí Haydn: báwo ni o ṣe ń yára tó? Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ kọnsẹ́tò yẹn bí ẹni tí ilé ń jó. Orin náà fúnra rẹ̀ sọ pé kó yára níwọ̀nba. Ẹni tó bá fi eré bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìka rẹ̀ bá dé òkè lórí okùn A ló máa ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, àwa sì ń gbọ́ àkókò tó ń yẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ láyè láti yan, Haydn ní C lè bá ọwọ́ rẹ mu ju ti D lọ. (Ó ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé kò sẹ́ni tó ta Haydn ní C yẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ní Prague ni wọ́n ti rí ìwé rẹ̀ ní 1961. Báyìí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń ta á.)

Ìbéèrè mi: ṣé o máa ń gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì?

Ìyá_Kuatẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:45 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Àga_Kejì, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ìdajì kejì. Ṣé kì í ṣe òótọ́ pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ máa gbọ́ gbogbo wọn tán, tí ẹ kò sì ní mú ẹnikẹ́ni? Mo ti lọ sí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni 70, àga 1, òfo. Ọmọbìnrin yìí kò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú 8 lẹ́yìn aṣọ wọn gbogbo ayé rẹ̀ wò.

Àbúrò mi, bí o bá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ kà, wàá rí i pé o ti sọ pé o ń fi ṣẹ́lò jẹun. Ọmọ 11! Iṣẹ́ nìyẹn. A máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà fún ẹni tó ń ta ṣẹ́lò: kí ó dá dúró níwájú ọ̀kẹ́sítírà pẹ̀lú orúkọ ńlá, tàbí kí ó wà nínú ọ̀kẹ́sítírà pẹ̀lú owó oṣù. Àwọn tó dá dúró níwájú kéré níye débi pé a mọ̀ wọ́n lórúkọ. Àwọn tó wà nínú ọ̀kẹ́sítírà pọ̀ díẹ̀ jù wọ́n lọ. Àwa ìyókù, àwa tó pọ̀ jù, à ń kọ́ni, à ń ta kuatẹ́ẹ̀tì (orin ẹlẹ́ni mẹ́rin), à ń gba orin fíìmù sílẹ̀, à ń rọ́pò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọdún 18 nìyí tí mo ti ń ṣe é. Mo ń kọ́ni lọ́jọ́ 4 láàárín ọ̀sẹ̀, mo wà nínú kuatẹ́ẹ̀tì 2, mo sì wà lórí ìwé àwọn arọ́pò ní ọ̀kẹ́sítírà kan. Mi ò lówó rẹpẹtẹ, mi ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kò nira: oṣù kan á kún, èkejì á gbẹ. Ṣùgbọ́n nínú kuatẹ́ẹ̀tì, èmi nìkan ni ohùn ìsàlẹ̀. Bí mo bá yí ohùn kan padà díẹ̀, ilé gbogbo yí padà. Ẹni tó jókòó sí àga kẹjọ nínú ọ̀kẹ́sítírà kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ béèrè ibi tí ó ń lọ. Mú ìwé kan. Kọ gbogbo owó tó wọlé fún ọ láti ọdún kan sẹ́yìn, oṣù kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ibi tó ti wá: ẹ̀kọ́, ìgbéyàwó, ìrọ́pò. Bí ìyá mi ti rí tèmi nínú ìwé, ìbéèrè wọn yí padà. Wọn ò sọ pé "níbo ló ń lọ" mọ́. "Kí ló dé tí oṣù kẹjọ fi kéré báyìí?" ni wọ́n ń bi mí. Ìyẹn ni mo lè dáhùn.

Àga_Kejì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́)

Òótọ́ ni, a ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ó dùn mí nígbà náà. Mo gbà.

Ohun tí mi ò gbà ni ọ̀rọ̀ àga kẹjọ. Mo ti jókòó níbẹ̀ fún ọdún 6. Bí ṣẹ́lò 10 bá mí pọ̀, tí gbogbo ọrun sì gbéra lẹ́ẹ̀kan, kò sí kuatẹ́ẹ̀tì tó lè fún ọ ní irú ohùn yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi kálukú sílẹ̀ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Bàbá_Olórin_Kékeré (Ọjọ́rú, 7:12 àárọ̀)

Ẹ forí jì mí pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Ọmọ mi ọmọ ọdún 8 fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́lò. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi pátápátá kí ó lè dàgbà sínú rẹ̀?

Ọwọ́Òsì (Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀)

Ẹ má ṣe é, sà. Bàtà tó tóbi kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn. Ṣẹ́lò ní ìwọ̀n kékeré: ìdá mẹ́jọ, ìdá mẹ́rin, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ ọdún 8 sábà máa ń wà láàárín ìdá mẹ́rin sí ìdajì, ṣùgbọ́n gígùn apá àti ìka ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá lè yá a dípò rírà, ó sàn, torí kò ní pẹ́ dàgbà kọjá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún èyí, ọ̀pọ̀ á dá yín lóhùn.

OkùnMẹ́rin (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun, mo mọ rírì rẹ̀ gan-an.

Mo dán ti àtàǹpàkò wò. Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́Òsì, ohùn kejì ni mo dé, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo jókòó síbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ọdún 15! Mo ti gba ọjọ́ láti rí oníṣègùn.

Ẹ̀gbọ́n Àga_Kejì, rárá, mi kì í gba ohùn ara mi sílẹ̀. Ó ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n lónìí mo fi fóònù gba Haydn. Mo sáré. Gbogbo ibi tí ẹ sọ pé wọ́n ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fà á.

Nǹkan kan wà tí mi ò kọ tẹ́lẹ̀. Ṣẹ́lò mi ní ohùn kan, F tí mo bá fi ìka òkè ta lórí okùn G, tó máa ń hó bí ẹranko, á máa gbọ̀n, kò ní dúró. Nítorí rẹ̀ mo máa ń tẹ ìka mọ́lẹ̀ gidi níbẹ̀. Ṣé ó lè wà lára ohun tó ń ro mí? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yáwó ra ṣẹ́lò mìíràn kí n tó tún ṣe ìdánwò.

Atúnṣẹ́lòṢe (Ọjọ́bọ̀, 5:55 àárọ̀)

Má yáwó kankan o, àbúrò.

Ohun tó ń hó yẹn, "ìkookò" ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ṣẹ́lò, títí kan àwọn tí Stradivari, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe àbùkù. Gbogbo àpótí ṣẹ́lò ní ohùn kan tí igi àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúnra wọn fẹ́ láti mì sí, láàárín E sí F♯ ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Bí o bá ta ohùn yẹn gan-an, okùn àti àpótí á máa já agbára gbà lọ́wọ́ ara wọn, òun lo ń gbọ́ tó ń hó. Títẹ ìka mọ́lẹ̀ kò mú un lọ rárá. Ọwọ́ rẹ nìkan ló ń ṣe lára.

Ohun tí mo máa ń ṣe: mo kọ́kọ́ wo òpó inú, igi kékeré tó dúró láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ṣẹ́lò, nítòsí ẹsẹ̀ afárá, igi tó gbé okùn ró. Àwọn ará Faransé ń pè é ní ọkàn ṣẹ́lò, wọn kò sì parọ́. Bí mo bá sún un díẹ̀, kò tó mílímítà kan, ohùn gbogbo á yí padà. Bí ìyẹn kò bá tó, irin kékeré kan wà tí a máa ń de mọ́ okùn ní ìsàlẹ̀ afárá, òun ló ń gbé ìkookò náà mì. Ìgbà mìíràn mo kàn sọ fún olórin pé kó fi eékún rẹ̀ fún ìhà àpótí díẹ̀ tí ohùn yẹn bá ń bọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìkookò lọ fún ìwọ: ní kí wọ́n wọn bí okùn rẹ ti ga tó sí pátákó ìka. Bí ojú ọjọ́ bá yí, igi ń wú, igi ń súnkì, okùn á gòkè láìjẹ́ pé o mọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń ro nítorí okùn tó ga. Àtúnṣe wákàtí kan ni.

Ẹlẹ́rù_Ọ̀nà (Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán)

Kí n fi díẹ̀ kún ti Atúnṣẹ́lòṢe: kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn ná. Okùn tó ti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò ní gún mọ́ bó ti wù kí ìka rẹ̀ tọ́ tó. Irun ọrun náà, tó bá ti gbó, rósìnì (oje igi tí a fi ń pa irun náà) kò ní dì í mú.

Fún ẹni tó fẹ́ máa wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìdánwò: ra àga fún ṣẹ́lò rẹ, kí o sì pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fi tèmi sínú ẹrù lẹ́ẹ̀kan péré. Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ kí a tó balẹ̀.

Atúnṣẹ́lòṢe (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)

Okùn tuntun lórí òpó tí kò dúró dáadáa, owó tó sọnù ni. Òpó àti gíga okùn ṣáájú, okùn tuntun lẹ́yìn.

Àgbà_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 4:00 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti fẹ̀yìn tì, ọdún 41 ni mo fi kọ́ ṣẹ́lò. Ọmọ mi, ẹ̀rù kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn: pé ọmọ ọdún 12 ni ọ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀. O kọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dùùrù ni Pierre Fournier, ọ̀gá ṣẹ́lò ará Faransé, kọ́kọ́ ń tẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un ní ọmọdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ohun ìsàlẹ̀ dùùrù dáadáa mọ́, ló bá bọ́ sórí ṣẹ́lò. Ayé gbogbo ló gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 12 pàdánù nǹkan kan lóòótọ́, n kò ní tàn ọ́: ara rẹ̀ ń rántí ohun tó kọ́ dípò kí ó kàn mọ̀ ọ́n. Nítorí náà lábẹ́ ìpayà, ọwọ́ rẹ̀ ń yára di. Èyí ni mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ lẹ́yìn aṣọ.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi ṣe: bí o bá jí láàárọ̀, kí o tó mu omi pàápàá, jókòó, ta àyọkà kan, lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọwọ́ ti tutù, kí o gbà á sílẹ̀, kí o gbé ṣẹ́lò kalẹ̀. Má tún un ta. Ọjọ́ kejì, òmíràn. Ohun tó bá dúró ní òwúrọ̀ tútù ni tìrẹ. Ìyókù, o kàn yá a ni.

Casals rí ìwé àwọn orin Bach fún ṣẹ́lò nìkan ní ọmọ ọdún 13, nínú ilé ìtajà ìwé orin àtijọ́ kan ní Barcelona. Ọdún 12 ló fi ta á ní ìkọ̀kọ̀ kó tó gbé ọ̀kan nínú wọn jáde síwájú ènìyàn. Mo ń sọ èyí nítorí oṣù 6 tí o ní o fi múra. Oṣù 6 kò pọ̀ bí o ti rò, ọmọ mi. Jẹ́ kí ọwọ́ san ná.

Ìyá_Kuatẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ẹtì, 7:25 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé kò lè dúró ọdún 12. Kí ó máa ta ohun tó lè ta nísinsìnyí síwájú ènìyàn, kódà kó jẹ́ orin kékeré. Ìpayà kì í lọ nínú yàrá nìkan.

Àgbà_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 8:10 alẹ́)

Òótọ́ ni. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò wí pé kó fara pamọ́. Jẹ́ kí ó ta á fún ènìyàn méjì, mẹ́ta, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

OkùnMẹ́rin (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5)

Mo ṣèlérí fún ara mi pé n óò padà wá jíṣẹ́.

Oníṣègùn ní iṣan ló wú. Ọ̀sẹ̀ 2 gbáko n kò fọwọ́ kan ṣẹ́lò. Mo fi ẹnu àti dùùrù kọ́ àwọn ọmọ mi, wọ́n sì gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Onífisió ní kí n gbé àga mi ga sókè, kí n dín gígùn irin ìsàlẹ̀ kù. Atúnṣe wọn okùn mi, ó ga gan-an lórí C àti G. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sún òpó, ìkookò náà ṣì wà ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ajá. Ìrora ti kúrò ní ìgúnpá. Ó ṣì ń wá sí ọrùn ọwọ́ tí mo bá kọjá ìṣẹ́jú 40, nítorí náà n kì í kọjá rẹ̀.

Ìdánwò tó yẹ kí n lọ lóṣù tó ń bọ̀, mo ti fagi lé e. Mo fi orúkọ sílẹ̀ fún ìwé àwọn arọ́pò dípò rẹ̀, ìyẹn kò ní ju ìṣẹ́jú 10 orin lọ, wọ́n sì ní n lè yan Haydn ní C. Mo ń ta Beethoven tútù láràárọ̀. Ọjọ́ 9 nínú 20 ni nóòtì kúkúrú yẹn bọ́ síbi tó yẹ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fi ìwé owó han ìyá mi. Wọ́n kà á pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìgbéyàwó pọ̀ tó báyìí?"

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, èmi àti àwọn mẹ́rin kan fẹ́ ta kuintẹ́ẹ̀tì Schubert tó ní ṣẹ́lò méjì. Ṣẹ́lò kejì ni mo gbà. Nínú Adagio, apá tó lọ́ra, àwọn mẹ́ta àárín ń fa ohùn gígùn, èmi sì ń fi ìka ta okùn lábẹ́ wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì kò ní wàhálà níbẹ̀. Èèyàn 12 ló ń bọ̀ wá gbọ́, ìyá mi wà nínú wọn.

Àga_Kejì (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, ọjọ́ kan náà)

Jẹ́ kí okùn tí o ta yẹn dún pẹ́, má yára pa á. Fayolín kìíní máa ń dúró dè é kó tó dáhùn. Gbà á sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ síbí, jọ̀wọ́.